Èmi Ni Mo Mọ Kúróṣé, Ilé Kejì Ni Ọmọ Mi Ti Lọ Ń Hun Ún

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń hó nínú mi láti ọjọ́ Àìkú kan báyìí, tí mi ò bá sì sọ ọ́ fún yín lónìí, mi ò ní lè sùn dáadáa.

Mo jowú. Ẹ gbọ́ mi yé o! Kì í ṣe pé inú kàn bí mi díẹ̀. Owú gidi ni. Ta ni mo wá ń jowú rẹ̀? Obìnrin tó ń bá ọkọ mi rìn? Rárá o, ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn! Obìnrin tó fẹ́ gba ọmọ mi mọ́ mi lọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó nígbà náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́, ẹ mọ̀ mí mọ́ kúróṣé, iṣẹ́ fífi píìnì hun wúùlù. Ẹ̀yin tuntun, ọmọ Kàbà ni mí, àdúgbò Crusher la ń gbé ní Lókòjá níbí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì wa tẹ́ ẹ pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, wọ́n lè ní àwọn ò mọ ẹni bẹ́ẹ̀. "Ìyá Oníkúróṣé" ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọmọ wo ni wọ́n bí sí ọ́fíìsì wa tí kì í ṣe fìlà tí mo hun ló kọ́kọ́ dé? Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n gbé èjìká sókè díẹ̀?

Ní Sátidé, àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ máa ń wá sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi, torí ooru Lókòjá kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sínú pálọ̀. Ọkàn kékeré ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, àmì ìfẹ́ tí àwọn ọmọdé ń pè ní lọ́ọ̀fù. Kò le rárá! Wàá fi wúùlù ṣe òrùka. Wàá hun ẹsẹ̀ gígùn sínú rẹ̀, wàá hun kúkúrú tẹ̀ lé e, èjìká kan á yọ. Wàá hun ẹyọ kan tó ṣonṣo sí ìsàlẹ̀, wàá wá tún ohun tó o ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣe gba òdì kejì lọ sókè. Tó o bá fa ìdí wúùlù, òrùka á fún pọ̀, ọkàn á jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ báyìí. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kéèyàn máa fa wúùlù le jù. Bí mo ṣe máa ń pariwo ni pé, "Ẹ má fún un lọ́rùn! Ẹ jẹ́ kó mí!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sín mi jẹ tí mo bá ti kẹ̀yìn sí wọn, mo mọ̀.

Ó wá ku ọmọ tèmi. Fúnmi ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni mo bí, praìmárì ló wà. Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ kó mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni? Mo kọ́ ọ títí ó fi sú mi! Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni Fúnmi, ẹ̀yin náà sì mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Tó bá fi òsì mú ṣíbí, màá gbá ọwọ́ náà. Tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbàlagbà, màá ní kó dá a pa dà kó fi ọ̀tún mú un wá. Bí ìyá mi ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Nítorí náà, tá a bá jókòó ti kúróṣé, màá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ki píìnì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, màá sì fi ọwọ́ tèmi di ọwọ́ náà mú gírígírí. Wúùlù á ta kókó. Èmi á jágbe. Òun á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Lọ́jọ́ kan, ó ju píìnì sábẹ́ àga, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo gbà pé kò sí lára rẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àǹtí Ojoma kó wá sí ilé kejì. Ọmọ Ígálà ni, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ọjà Kpata, ó sì máa ń tètè wọlé. Èmi ni mo fẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá mi wo Fúnmi tó bá ti dé láti sukúù, torí pé ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí n tètè dé. Ó ní kò sí wàhálà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ já geere.

Ha! Kò pẹ́ tí ilé mi fi kún fún Àǹtí Ojoma. Àǹtí Ojoma ní báyìí. Àǹtí Ojoma ò ṣe é bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo se ẹ̀wà, Fúnmi ní ti Àǹtí Ojoma máa ń rọ̀ jù báyìí lọ. Mo fẹ́ di irun rẹ̀, Àǹtí Ojoma ti dì í! Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti pọ̀ jù nínú ilé yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí èmi ni mo fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Irú ìdáhùn wo nìyẹn?

Bí mo ṣe ń gbé e mì nìyẹn o, àfi Sátidé kan tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, Sísítà Rónkẹ́, dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó kí mi kú oríire. Mo ní oríire kí ni? Ó ní òun rí Fúnmi lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì tó ń hun ọkàn kékeré, ó mọ́ tónítóní, òun sì mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ, ọmọ náà ti jogún ọwọ́ mi!

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ẹ̀rín tó máa ń dun èèyàn ní páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ẹ̀rín yẹn ni. Mo ní a dúpẹ́. Ọmọ tó ju píìnì mi sábẹ́ àga! Èmi, Ìyá Oníkúróṣé, ni ọmọ mi fò kọjá, tó lọ kọ́ kúróṣé lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja? Kí ni obìnrin yìí ní tí mi ò ní? Gbogbo aṣọ tí mo hun lọ́jọ́ náà ló le gbagidi, torí mo fún wúùlù lọ́rùn pa.

Èyí tó wá burú jù ni pé Ọjọ́ Àwọn Ìyá ti ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ máa ń mú ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, wọ́n á rìn wá lójú gbogbo ìjọ, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fún ìyá wọn. Fúnmi wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní ṣé òun lè pe Àǹtí Ojoma wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo ní kó wá ṣe kí ni? Ó wo ilẹ̀, ó sì sá jáde.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Mo ti rí gbogbo rẹ̀ tán lójú ara mi: ọmọ mi á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, á lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin mìíràn, gbogbo àwọn tí mo hun fìlà fún ọmọ wọn á sì máa wò mí. Ẹkún gbọ̀n mí, mo sọ pé àlùbọ́sà ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Ìyá náà, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo tètè kúrò ní ọ́fíìsì. Mo yà ra wúùlù ní Old Market, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo sì ń to ohun tí màá sọ látẹnu ọjà títí dé Crusher. Màá ní, "Ojoma, bí ọmọ bá wù ọ́, bí tìrẹ!" Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ ya ilé mi, ilé kejì ni mo gbà lọ tààrà.

Mo ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ilé. Ó ń jágbe bí àgbàlagbà: "Àǹtí, ẹ má fún un lọ́rùn! Ẹ jẹ́ kó mí!"

Ọ̀rọ̀ mi! Ohùn mi! Ó tiẹ̀ fi ikọ́ díẹ̀ tí mo máa ń wú sí i!

Mo yọjú. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn lórí ẹní. Àǹtí Ojoma ló ń làágùn, tí wúùlù lọ́ mọ́ ọn níka, tó ń wo ọwọ́ Fúnmi bí ẹni tó ń wo dígí. Fúnmi sì fi òsì mú píìnì, ó ń hun ún fàà, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkàn pupa kan ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gún, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dára ju èyí tí mo kọ́kọ́ hun láyé mi lọ.

Ìgbà náà ló gbójú sókè, ó rí mi.

Ẹ mọ ohun tí ọmọ mi ṣe? Ó sáré fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, tòun ti píìnì.

Gbogbo ohun tí mo tò látẹnu ọjà fò lọ. Àǹtí Ojoma dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama Fúnmi, na your pikin teach me o! I no sabi am before." Ó ṣàlàyé pé gbogbo Sátidé lòun máa ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà òun, ojú ń ti òun láti wá jókòó sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba torí Yorùbá òun. Lòun bá bẹ Fúnmi pé kó kọ́ òun. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ ọ́n hun, ṣùgbọ́n òun mọ gbogbo ohun tí ìyá òun máa ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbìyànjú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Píìnì bá gba ọwọ́ òsì lọ fúnra rẹ̀.

Mo ní oúnjẹ ti fẹ́ jinná, kí Fúnmi máa bọ̀ nílé. Irọ́ ni, mi ò tíì dáná! Ṣé owú náà wá lọ? Kò lọ o, ó tún le sí i! Nígbà àkọ́kọ́, mo ń jowú pé wọ́n kọ́ ọmọ mi níṣẹ́. Báyìí, mò ń jowú pé ọwọ́ kan wà tí ọmọ mi lè yọ síta níwájú ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé èmi ló ń fi pamọ́ fún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó pe Àǹtí Ojoma wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu mi ló sọ ọ́ o, ọkàn mi kò tíì sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Àǹtí Ojoma jókòó tì mí, ó wé gèlè ńlá. Wọ́n pe àwọn ọmọ síta. Fúnmi ń bọ̀, ọkàn pupa náà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bíbélì mi fẹ́ ya lọ́wọ́ mi. Ó dé iwájú wa, ó wo èmi, ó wo Àǹtí Ojoma. Ó wá mú ọkàn náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

Níwájú mi o!

Mo bi í pé, "Ọwọ́ wo lo fi hun ún?"

Ojú rẹ̀ yí pa dà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú."

Mo ní, "Ọwọ́ yẹn ni kó o fi fún mi."

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ní "Háà!" Mi ò wo ẹ̀yìn. Fúnmi rọra mú un bọ́ sí òsì, ó nà án sí mi. Èmi náà na ọwọ́ òsì mi, mo gbà á. Mo fa ọmọ mi mọ́ra, a jọ sunkún níbẹ̀, kò sì sí àlùbọ́sà kankan nítòsí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ: kẹ́ ẹ tó sọ pé nǹkan kan kò sí lára ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ yín ló dì í mú. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n jẹ́ kí wúùlù mí, mi ò jẹ́ kí ọmọ mi mí. Ní Sátidé báyìí, iwájú mi ni mo ń jẹ́ kó jókòó sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ mi, kí òsì rẹ̀ lè máa wo ọ̀tún mi bíi dígí. Àǹtí Ojoma náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú wa, ó ṣì ń fún wúùlù lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Bá a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí Ojoma ṣí báàgì rẹ̀, ó fi ọkàn kan hàn mí, pupa bíi tèmi. Ó ní Fúnmi ti fún òun láti ọjọ́ yìí, ọkàn náà sì ni àkọ́kọ́ tí Fúnmi hun. Àkọ́kọ́! Èmi wá ni kejì!

Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ òsì, kí ni ojú yín rí nílé? Ẹ̀yin ìyá, ta lẹ ti jowú rẹ̀ rí nítorí ọmọ tẹ́ ẹ fúnra yín bí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé èmi nìkan ni mo burú. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì hun òdòdó, kó tètè kọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbọ́ pé òdòdó ni Fúnmi fẹ́ hun báyìí, mi ò sì fẹ́ kí àkọ́kọ́ tún lọ sí ilé kejì.