Òdo Tó Wà Níwájú

Yàrá fáìlì kò ní fèrèsé. Òórùn ìtọ̀ eku. Òórùn bébà tó ti mu omi. Òórùn èèyàn mẹ́ta tí wọ́n ń mí níbi tí kò gba èèyàn méjì. Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Fáìlì fi fa afẹ́fẹ́ yẹn símú, kò sì kó o nírìíra rí. Ohun tó wá kó o nírìíra wọ bàtà tó ń dán wọlé.

Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nílé ìwòsàn náà. Dókítà ń pè é ní Ìyá Fáìlì, agbálẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ pàápàá máa ń fi ṣe é lẹ́yà nílé.

"Ìyá Fáìlì, inú fáìlì wo lẹ kó ṣòkòtò mi sí?"

"Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ jókòó lé."

Ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà.

Òun ló dá ètò káàdì ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó dé, òkìtì ló bá, bí aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀. Obìnrin tó bá wá bímọ gba nọ́ńbà. Ọmọ tó bí gba nọ́ńbà ìyá rẹ̀, pẹ̀lú òdo kan níwájú. Ọmọ kejì, òdo méjì. Ọmọ kẹta, mẹ́ta. Ìyá ni 5128, àkọ́bí ni 05128, àbúrò ni 005128. Kò sí ọ̀gá tó pàṣẹ ẹ̀. Ìyá tó bá gbàgbé káàdì sílé, tó bá sáà ti rántí nọ́ńbà ara rẹ̀, wọ́n ti rí gbogbo ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan tiẹ̀ wà tí òdo ọmọ rẹ̀ di mẹ́jọ. Ìyá Fáìlì kọ ọ́ síbẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, ó wá ní kí nọ́ọ̀sì bá òun wá àga fún un, àga tó ní ìfẹ̀yìntì.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Ìgbàlódé dé.

Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò lè sọ gbólóhùn méjì kí "ìgbàlódé" má yọjú. Igi ìtayín tó fi sẹ́nu láàárọ̀ ni yóò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án, orí rẹ̀ á ti rà bí okùn. Á fi ìka tó fi jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà. Á sì fi ìka yẹn kan náà bọ èèyàn lọ́wọ́.

"Màmá, a ti kúrò láyé bébà. Ẹ máa na káàdì sáwọn arábìnrin yìí, àwọn á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ yín ti gbó."

Àwọn obìnrin méjì tó gbà fún títẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Fáìlì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó na káàdì.

Oṣù mẹ́ta. Káàdì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ gbójú sókè.

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ó ń bèèrè bóyá kóun fi tuntun rọ́pò."

"Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ń bèèrè bẹ́ẹ̀ lórí èyí tó pọ̀."

"Gbogbo ẹ̀ ni kó o tẹ Bẹ́ẹ̀ ni sí. Ṣé ẹ fẹ́ ká sùn síbí ni? Àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìyá Fáìlì gbọ́. Etí méjèèjì ló fi gbọ́ ọ, kò sì bèèrè nǹkan kan. Nígbà tó bá rántí ìyẹn lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ gan-an ló máa ń kó o nírìíra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó gba wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kọjá. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin wà lórí itan rẹ̀, ibà ti mú ojú ọmọ náà pọ́n. Nọ́ọ̀sì ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, abẹ́rẹ́ ti wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kílò méjìdínláàádọ́rin. Kò sí oògùn tí ara ẹ̀ kọ̀." Nọ́ọ̀sì wo ọmọ náà. "Ta ló tó kílò méjìdínláàádọ́rin nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni," ìyá ọmọ dáhùn. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ń ṣàìsàn."

Ìyá Fáìlì dúró. "Nọ́ńbà wo ni?"

"5128, màmá. Àkọ́bí mi nìyí. Òdo kan."

Ojú kọ̀ǹpútà: 5128. Kò sí òdo níwájú rẹ̀. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ tí kò kọ oògùn kankan.

Ìyá Fáìlì rántí káàdì yẹn. Bíírò pupa ló fi kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ kan wà tó mú kí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ yẹn wú nígbà tó pé ọdún kan. Abẹ́rẹ́ wo? Kò rántí.

"Gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Màmá?"

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ n lọ mú káàdì wá."

Ṣùgbọ́n pẹpẹ yàrá fáìlì ti ṣófo. Eruku. Ìgbẹ́ eku. Ibi tí káàdì wà fún ọdún méjìlélógún funfun lára ògiri.

Agbálẹ̀ sọ fún un pé Ọ̀gá Ìgbàlódé ní káwọn kó wọn dànù. Ẹ̀yìnkùlé ló ti rí wọn. Ọkọ̀ akólẹ̀ wà níbẹ̀, àpò ọ̀rá mẹ́sàn-án ti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù lé wọn lórí. Báńdéèjì tó ti di pupa rúsúrúsú. Oúnjẹ àná. Omi kan ń jò láti ìdí àpò sílẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ìyá Fáìlì ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gun ọkọ̀.

Ó ń tú àpò kejì nígbà tí Ọ̀gá Ìgbàlódé sáré jáde.

"Màmá! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Láyé ìgbàlódé, ẹ ń wá nǹkan nínú ilẹ̀!"

"Inú èwo làwọn ẹgbẹ̀rún márùn-ún wà?"

"Kọ̀ǹpútà ti ní gbogbo ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Awakọ̀, ẹ máa wakọ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Awakọ̀ ò mira. Ọkùnrin tó sanra ni, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá, ọdún kẹtàlá mi rèé tí mo ti ń kó ilẹ̀. Mo mọ ilẹ̀ tí mo bá rí i. Èyí kì í ṣe ilẹ̀."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," Ìyá Fáìlì sọ látorí ọkọ̀. Láti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ kan wà nínú ilé yẹn tí abẹ́rẹ́ ń dúró dè. O ti sọ ọ́ di ìyá ẹ̀. Gòkè wá, kó o wá nǹkan. Àbí kó o kúrò níwájú mi, torí èébì ń gbé mi, mi ò sì mọ̀ bóyá òórùn ibí ni àbí ìwọ."

Kò gòkè. Awakọ̀ ló gòkè. Inú àpò kẹfà ni wọ́n ti rí i, 05128, omi báńdéèjì ti gba igun rẹ̀ kan. Bíírò pupa ṣì wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sáré.

Nọ́ọ̀sì kà á. Ó wo abẹ́rẹ́ inú àwo. Òun gan-an ni.

Ó lọ dà á nù, ó jókòó díẹ̀, kó tó lọ bá dókítà fún òmíràn.

Lọ́sàn-án, Ìyá Fáìlì pe ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dé tòun ti ẹnu rẹ̀ tí kì í bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ọ̀gá Ìgbàlódé dúró lẹ́yìn wọn.

"Màmá, kò sí lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà o. Kò sí àwòrán. Iná tó tàn àti iná tó kú ló wà níbẹ̀, òbítíbitì. Ẹ to mẹ́jọ pọ̀, ó di lẹ́tà kan. Fọ́tò, àmì kéékèèké ni, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà àwọ̀ tiẹ̀. Ohùn èèyàn, wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n á kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Iná kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ṣe àpótí, ìyẹn àyè tí wọ́n ń tẹ nǹkan sí, ló máa sọ fún un bó ṣe máa ka ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ta ló ṣe àpótí nọ́ńbà káàdì?"

Ọmọ náà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹni tó ṣe é sọ pé iye ni. Nǹkan kíkà, bí iye àga. Iye ò nílò òdo níwájú, kọ̀ǹpútà á jù ú nù. Ká ní ó sọ pé ọ̀rọ̀ ni, bí orúkọ, ì bá tọ́jú gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé nọ́ńbà kì í ṣe nọ́ńbà mọ́ ni?" Ọ̀gá Ìgbàlódé bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ro nọ́ńbà fóònù yín pọ̀ mọ́ ti ìyàwó yín rí?"

Igi ìtayín dúró. "Ó dáa. Yí àpótí náà sí ọ̀rọ̀, kí òdo padà wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Kò síbi tó ti fẹ́ padà wá. Ẹ ní kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Ibòmíì ìyá ló bo ọmọ mọ́lẹ̀, ibòmíì ọmọ ló bo ìyá. Bébà nìkan ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀."

"Àwọn àlejò ò ní yẹ ìyẹn wò," ó sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Wọ́n kàn fẹ́ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Màmá, ẹ jẹ́ ká fi hàn wọ́n báyìí ná."

Ìyá Fáìlì wò ó láti orí dé bàtà. Ó dìde, ó gba àga lọ́wọ́ obìnrin tó ń tẹ káàdì, ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Òórùn ọkọ̀ akólẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá Ìgbàlódé sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ bomú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Fáìlì fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fáwọn àlejò, níṣojú Ọ̀gá Ìgbàlódé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n mu omi inú ike, wọ́n lọ. Ọ̀gá Ìgbàlódé ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ìyá Fáìlì ń tẹ káàdì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òdo wọn. Ṣùgbọ́n àpò méjì ti bá ọkọ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó mọ kòtò tí wọ́n dà wọ́n sí. Àwọn tó wà nínú àpò méjì yẹn, ó di kó máa dúró kí ìyá wọn wá. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bèèrè.

"Ọmọ kelòó lèyí?"

"Ìkejì, màmá."

"Ṣé oògùn kan wà tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ lò?"

Obìnrin náà gbé ọmọ sí èjìká kejì. Ó ronú. "Wọ́n sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́sí. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn ti kọ ọ́ pamọ́."

Ìyá Fáìlì fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó tẹ òdo, ó tún tẹ òdo, ó tẹ nọ́ńbà ìyá. Nínú àpótí tó kàn, ó tẹ̀ ẹ́ pé: *A ò mọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó fún un ní ohunkóhun.*

"Ẹni tó kàn," ó sọ.