Ọkọ̀ Ìsìnkú Ló Ń Kó Ẹrù Wa

Nígbà tí àwọn ajínigbé sọ ọ̀nà wa di oko wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù láti Èkó wá bá wa kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òsì. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé àwọn ti bá ìgbà yí, pé ẹrù kankan kò ní sọnù. Wọn ò parọ́.

Ṣebí bí àgbàlagbà bá kú níhìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ á kóra jọ láti Èkó wá sin ín, wọ́n á háyà ọlọ́pàá àti ọdẹ, ọkọ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Ajínigbé wo ló máa dá irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́nà? Ilé iṣẹ́ náà bá lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ìsìnkú dòwò pọ̀, kí wọ́n máa kó ẹrù wa bọ̀ láti Èkó. Bí ẹnìkan ò bá kú, ẹrù ò ní dé.

Oògùn ojú bàbá mi ni mo ń retí ní tèmi. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí a ò bá máa kán an déédéé, ojú náà á fọ́, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́. Èyí tó wà nílé ti tán. Àbúrò mi ti fi òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó.

“Ẹ má wọ̀rí, mà,” ọmọbìnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà sọ fún mi. “Kò tíì sẹ́ni tó kú ni. Ìyá àgbà kan ní Ìdọ̀fin tiẹ̀ dákú, a ti ń di ẹrù, ni wọ́n bá tún jí. Gbogbo ètò wa dàrú.”

“Ìyá yẹn ò láàánú rárá,” mo ní.

“Ẹ ṣáà máa gbàdúrà, mà.”

Irú àdúrà wo nìyẹn? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọ́fà, a ṣì ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àmín wa ò fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Télọ̀ tó ń retí mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò jẹ́ kí àgbà kan kọjá láìbéèrè bí ara ti rí. Ojú ń tì mí, torí èmi náà ń béèrè.

Mo ròyìn fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń wá ka Bíbélì sí i létí láràárọ̀ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

“Olùkù mi, wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wa kú, kí oògùn ba à dé ulé o!”

“Ìwọ lo ni oògùn, ìwọ ni kó o kú,” ìyẹn dáhùn. Àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí i, aago ṣọ́ọ̀ṣì lù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ló sùn tí kò jí.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Èkó, ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ kú oríire, mà. Oògùn ti dé.” Ó ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ létí.

Mo kán oògùn sí bàbá mi lójú. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ ẹkún láti ilé kejì.

“Báwo ni èyí yóò ṣe pẹ́ tó?”

“Bí oṣù kan, Bàbá.”

“Ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ,” ó ní. “Kó má fi òmíràn wá mọ́.”