Yàrá Àwọn Àlejò Òkú Mi

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, èmi nìkan máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Kókó kan ló yọ sí mi lọ́rùn, lábẹ́ etí òsì. Kò dùn mí, kò yún mi. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní kí n lọ sí ọsibítù, mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la, títí ó fi tó ekùrọ́ ńlá. Nígbà tí mo wá lọ, dókítà gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí n padà wá gbọ́ èsì ní ọjọ́ Àtàláátà kan tó ṣì jìnnà. Ó ní, "Ẹ má ronú o, Bàbá." Ta ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún tí kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ronú?

Nílé wa ní Ìrẹmọ, yàrá méjì iwájú la máa ń fi háyà fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó wà níbẹ̀ jáde ìwé, tí wọ́n sì kó lọ. Àwọn mìíràn ń wá kan ilẹ̀kùn, mo ń lé wọn padà. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé.

Mo ní, "Níbo lo fẹ́ kí àwọn tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ sùn?"

"Ọjọ́ kẹjọ ta ni?"

"Tèmi."

"Háà! Bàbá wọn! Ẹ ò tíì kú, ẹ ti ń wá ibùsùn fún àlejò!" Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Mi ò gbọ́. Mo gbá èyí tó tóbi nínú yàrá méjèèjì, mo tẹ́ ẹní sí i. Bí mo bá ń jẹun, kókó ọrùn ni mo ń fọwọ́ pa. Bí mo bá ń kírun, mi ò mọ rakà tí mo wà. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ tutù, gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́, èmi ń ronú ibi tí wọ́n á ta tapólì sí bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ àdúrà mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń dáko ní Ẹdúnàbọ̀n, ló wá tú gbogbo rẹ̀ ká. Òun ló pọ̀n mí nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sì tíì gbà pé mo ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó fi mọ́tò kó àwọn àpò ẹ̀gúsí gbígbẹ wá, nítorí orùlé abà rẹ̀ ń jò. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ṣí yàrá àlejò òkú mi, ó da ẹ̀gúsí sórí ẹní mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, yàrá yẹn níṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe."

"Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi. Ìgbà wo lo máa kú?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀la, màá kó ẹ̀gúsí mi kúrò lónìí. Bí o ò bá mọ ọjọ́, jókòó ká jọ bó o." Ó ti àwo kan sí mi lẹ́sẹ̀. "Mo ṣì wà láyé, o fẹ́ ṣíwájú mi lọ. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo jókòó. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́kàn méjì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, á fọ́. Bí o ò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní là. Èkíní tí mo bó, ó fọ́. Èkejì náà fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú wo àwo mi.

"Ọsibítù lo wà. Padà wá sílé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó padà dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ èékánná, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Ìyàwó mi bá wa jókòó, wọ́n ní kí n sọ ẹni tó jí àkàrà ìṣínu jẹ nínú ààwẹ̀ láyé ìyá wa. Mo ní Ẹ̀gbọ́n ni, Ẹ̀gbọ́n ní èmi ni, a rẹ́rìn-ín títí a fi da èèpo mọ́ ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó yá, bí mo bá ti kírun òwúrọ̀ tán, yàrá yẹn ni mo ń gbà lọ tààrà. Ẹ̀rù náà ò lọ o. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò ló rí: a ó lé e, á lọ, á tún yọjú. Ṣùgbọ́n kò ríbi jókòó mọ́. Ẹ̀gúsí ti gba yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ni, láti ọsibítù. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Àná la retí yín."

Mo wo ìyàwó mi, òun náà wò mí. Ọjọ́ tí mo ti ń kà bí ẹlẹ́wọ̀n gba iwájú ilé mi kọjá, mi ò kí i.

Mo gun ọ̀kadà lọ, èèpo ẹ̀gúsí ṣì wà lára ṣòkòtò mi. Dókítà ní ọ̀rá lásán ló dì jọ sábẹ́ awọ, kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní alihamudulilahi. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ara mi ti fúyẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ tí n kò lọ, tí à ń jà lórí àkàrà.

Mo délé, mo ròyìn. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n ní o ò ní kú mọ́ láéláé ni?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kì í ṣe èyí ló máa pa mí."

"Ó dáa. Jókòó. Èyí tó kù ṣì pọ̀."

Ọmọ yunifásítì ló wà nínú yàrá méjèèjì báyìí, wọn kì í sì jẹ́ kí rédíò sinmi. Àwọn tó bá máa wá fún ọjọ́ kẹjọ mi, kí wọ́n wá ibi sùn fúnra wọn.