Kì Í Ṣe Sìgá Tó Fi Sílẹ̀ Ló Pa Ọkọ Mi

Háà! Àjàní, olówó orí mi, ìgbà wo la tún máa fojú kan ara wa? Rájí télọ̀, tó ń rán aṣọ tí aṣọ ń bá ara mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ẹni tó ni ín! Ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ifọ̀! Bàbá Rámọ́tà! Ikú mú yín lọ, ó fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn aláròyé.

Mo fẹ́ sunkún yín bí opó ṣe ń sunkún, ṣùgbọ́n inú ló ń bí mi. Ọmọ yín Rámọ́tà ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí èmi kò mọ̀wé. Ó ti bi mí léèrè pé, “Màámi, ṣé kí n kọ ọ́ pé inú ń bí yín? Ìwé àdúà bàámi ni o.” Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọjọ́ tí a sin yín, erùpẹ̀ tí wọ́n kó lé yín lórí kò tíì gbẹ tí ọ̀rẹ́ yín Kàrímù, awakọ̀ lọ́rì tó ń gbé Mówè, fi la ẹnu láàárín àwọn tó wá kí wa. Ó ní, “Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà tí Rájí ń fa sìgá, ṣebí ara rẹ̀ le. Ó jáwọ́, ó kú. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Sìgá tó fi sílẹ̀ ló pa á.” Àwọn èèyàn ń mi orí. Àwọn kan ní, “Òótọ́ ni o.” Ẹnì kan nínú wọn ti ń ṣá ìṣáná lójú mi, lẹ́nu ọ̀nà yín. Mo wọ yàrá lọ sunkún lọ́jọ́ náà. Lónìí, mo ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọkọ mi, ẹ gbọ́. Ogún ọdún ni Rájí fi fa sìgá. Kì í ṣe pé ó ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń fi ṣe fáàrí lóde ìyàwó. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, sìgá yóò wà ní igun ẹnu rẹ̀, yóò dijú kan nítorí èéfín, yóò máa fi ojú kejì wo abẹ́rẹ́. Aṣọ àrán tí ọmọge kan fẹ́ wọ̀ lọ sílé ọkọ, iná sìgá já lé e, ó dá ihò sí i ní àyà gan-an. Bàbá ọmọge náà dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, kò bú u, ó kàn ń wo ihò náà. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó tan òmíràn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Àjàní, ẹ rántí oṣù ààwẹ̀? Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ò ní fà á, ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà yín. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, èmi yóò gbé omi kalẹ̀, n ó gbé èso dàbínù kalẹ̀, ẹ ò ní wò wọ́n. Sìgá lẹ fi ń ṣínu. Mo máa ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ bínú sí ara mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òpùrọ́ lèmi náà. Ta ló ń ta sìgá yẹn? Èmi ni. Ní ìdíkọ̀ réluwé Ifọ̀ ni mo ń kiri, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti Èkó dé, tí àwọn èrò bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, èmi Àṣàkẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá máa ń fi mọ́tò wá, wọn yóò kọrin, wọn yóò pín sìgá ọ̀fẹ́ fún àwọn ọkùnrin bí ẹni pín sàárà. Wọ́n fún mi ní àtẹ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Inú àtẹ yẹn ni ọkọ mi ti ń mú tirẹ̀. Ìgbà méjì ló ti gbìyànjú kó jáwọ́. Nígbà kìíní, ó ju odindi pálí sínú ṣáláńgá, ó búra. Ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi ní ìdíkọ̀, ó ní, “Àṣàkẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo.” Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti bá gbogbo ilé jà. Mo fún un nítorí kí ilé lè rójú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un. Nígbà kejì, kò tilẹ̀ tọrọ mọ́, mo mú sìgá jáde fún un kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ohun tó yí i padà ṣẹlẹ̀. Mọ́sálásí kún, àwọn àlejò ti Ìbàfò àti Ìbògùn wá. Ọkọ mi dìde láti pe ìrun. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ẹ mọ̀ pé ohùn náà máa ń dé òdìkejì ojú irin. Lọ́jọ́ náà, ó pè é dé àárín, ikọ́ gbá a mú. Ó wúkọ́ títí tó fi di ògiri mú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ya bí aṣọ gbígbó. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù fọwọ́ pe ẹlòmíràn, ẹni náà ló parí rẹ̀.

Ó wálé, ó jókòó sórí ẹní, kò jẹun. Ó ní, “Ìyá Rámọ́tà, ohùn tí Ọlọ́run fún mi pé kí n máa fi pe èèyàn wá sọ́dọ̀ Rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo dáná sun ún.” Lẹ́yìn náà ló wo àtẹ mi. “Bí nǹkan yìí bá ṣì wà nínú ilé, irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.”

Mo fárígá! Mo ní àtẹ náà ló ń bọ́ ilé. Mo ní bó bá jẹ́ ọkùnrin, kó jáwọ́, kó fi òwò mi sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fi àtẹ pupa yẹn dá iná, mo fi se iṣu. Búrẹ́dì àti ọsàn ni mo ń tà láti ìgbà náà. Kò wọ̀ bíi ti sìgá, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n a jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó jáwọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí jíjáwọ́ jẹ́? Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi tí kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rán apá aṣọ sódì. Ó ń làágùn nígbà ọyẹ́. Orógbó ló ń jẹ, bí òùngbẹ sìgá bá dé, yóò gé e sẹ́nu, yóò dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, yóò rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí yóò fi kọjá lọ. Bí àwọn èèyàn bá ń kí i pé ó kú iṣẹ́ akin, yóò ní, “Ẹ má kí mi pé mo jáwọ́. Ẹ bi mí bóyá mo fà á lónìí.” Rámọ́tà, ìwọ ló fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́. Ọdún tó ṣáájú èyí tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni, o kéré gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, wàá dúró níwájú rẹ̀, wàá ní, “Bàámi, ṣé ẹ fà á lónìí?” Yóò ní, “N kò fà á, ìyá mi.” Nígbà náà ló tó máa jẹun.

Oṣù karùn-ún tó ti jáwọ́, Kàrímù sọmọ lórúkọ ní Mówè. Ọkọ mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n ní ó ti di aboyún tó ń jẹ orógbó, wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ ọkọ fún un. Kàrímù fúnra rẹ̀ tan sìgá, ó tì í bọ ọkọ mi lẹ́nu, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi fà á tán.

Nígbà tó wálé, ọmọ bi í ní ìbéèrè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Ọmọ tún bi í. Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lára aṣọ, mo ti fẹ́ lọgun. Àjàní, ẹ lè purọ́ fún ọmọ kékeré. Èèyàn mélòó ni kò ní purọ́? Ẹ jókòó sílẹ̀ kí ojú yín lè bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ ní, “Mo fà á, ìyá mi.” Ọmọ ní, “Ọ̀la ńkọ́?” Ẹ ní, “Ọ̀la, n kò ní fà á.”

Ẹ kò sì fà á. Ọdún mẹ́rin! Ohùn yín padà wá, kò tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́, lèmọ́mù sì dá ìrun pípè padà fún yín. Ẹ bá mi rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìbògùn, ẹ ò dúró gba èémí lọ́nà. Ẹ ní ọbẹ̀ mi dùn. Mo ní láti ìgbà wo? Ẹ ní ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo máa ń fi irú sí i! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omijé fi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rin yẹn ni mo tó fẹ́ ọkọ.

Ikọ́ náà padà dé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. A gbé yín lọ sí Abẹ́òkúta. Dókítà gbọ́ àyà yín, ó bi yín ní ọdún tí ẹ fi fa sìgá. Ó ní, “Ó ti pẹ́ tí èéfín ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró yín. Bí ẹ kò bá jáwọ́ nígbà tí ẹ jáwọ́, n kò rò pé ẹ̀yin àti èmi ìbá jọ jókòó báyìí.” Mo wà níbẹ̀. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀yin Kàrímù, ogún ọdún ló pa á. Ọdún mẹ́rin ló fi gba ara rẹ̀ padà. Ẹni tó bá tún yí i padà níwájú mi, yóò rí mi.

Ẹ tún gbọ́ èyí tí ẹ rò pé n kò ní sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Kàrímù wá kí i lórí ẹní. Ó yọ sìgá, ó ní, “Rájí, kí ló tún kù tó lè ṣe ọ́? Fà á, kí ara rẹ rọ̀.” Mo dìde. Ọkọ mi fọwọ́ dá mi dúró. Ó mí, ó tún mí, kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Kàrímù, ọmọ mi ṣì ń bọ̀ wá bi mí ní ìrọ̀lẹ́.” Ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló jáde láyé, ó lọ láìfà á.

Rámọ́tà ti fi ìwé sílẹ̀, ó ń sunkún. Mo ní kó nu ojú, kó gbé e, ó ku díẹ̀.

Lánàá, ìyàwó Kàrímù wá láti Mówè. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ kan ń yọ bàbá àwọn ọmọ mi lẹ́nu láti ọjọ́ tí ẹ ti sin ọkọ yín. Ó ní kí n bi yín, báwo ni Bàbá Rámọ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ló ń jẹ? Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òun ló rán mi.” Ẹ gbọ́ mi o, mo ti sọ ọ́ báyìí, Rámọ́tà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. N kò tíì dárí jì í. Bóyá bó bá pẹ́, bóyá n kò ní í lè ṣe é rárá. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti obìnrin náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo di orógbó mẹ́fà sínú ewé fún un, mo ní kó bi àwọn ọmọ rẹ̀ èwo nínú wọn ni yóò máa bi bàbá wọn ní ìrọ̀lẹ́ pé ṣé ó fà á.

Àjàní, ọkùnrin tó ja ìjà tí ẹnikẹ́ni kò rí, kí Ọlọ́run Ọba fi àlùjánńà ṣe ilé yín. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, kí àyà yín fúyẹ́. Ẹ fi ìbínú sílẹ̀ fún mi, màá bá yín gbé e. Ẹ̀yin, ẹ máa sùn, ọkọ mi. Ẹ sùn re o.

Àṣàkẹ́, aya yín