Ọ̀wẹ̀ Tí A Kò Dáná Fún

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí màmá mi rẹ sínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé ló kọ́kọ́ pàdé ọmọbìnrin òyìnbó náà lọ́jọ́ tó dé abúlé wa. Ẹ̀gẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ náà mọ bó ṣe ń rùn. Ó fọwọ́ bo imú, ó rí i pé mo ń wo òun, ó yára sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn kan láti òkè òkun ló rán an wá sí ẹ̀yìn Òkè-Onígbìn lọ́dọ̀ wa, pé kó fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé tíṣà ni mí, tí yàrá bàbá mi olóògbé sì ṣófo, ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ̀dọ̀ wa ni kó máa gbé, kí n sì máa kọ́ ọ ní ìṣe wa.

Mo kọ́ ọ lóòótọ́. Mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi ìlàjì báàkẹ́ẹ̀tì omi wẹ̀ tí ara á mọ́, bí a ṣe ń ná wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. "Ẹ kú iṣẹ́" ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìkíni. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀, tí wọn kò gbé igi kan kúrò lórí ìkan, ó ń kí wọn kú iṣẹ́! Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dáhùn. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti ń pè é ní ọmọ wa, ó sì ti ń fi ọwọ́ jẹ iyán. Ká má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló yí inú mi padà. Kíláàsì kẹta ni mo ti ń kọ́ láti ọdún pípẹ́. Èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí gé lẹ́tà ábídí láti ara páálí mílíìkì, tí mo kùn wọ́n, tí mo fi okùn so wọ́n kọ́ ara ògiri. Ọmọ tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó wọlé, á dìde ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún tó parí. Ọ̀gá gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi, ó fi fún òyìnbó, ó ní kí n máa ràn án lọ́wọ́. Mo gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé àwọn òbí, ọ̀gá gbé lẹ́tà páálí mi sókè, ó ní, "Ẹ wo ohun tí òyìnbó ṣe fún àwọn ọmọ yín!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, òun náà ń pàtẹ́wọ́. Yorùbá ni ọ̀gá sọ, òyìnbó kò sì tíì gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yẹ kó túmọ̀ fún un, èmi tí mo jókòó tì í ni. Mi ò túmọ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ó dáa, a máa rí i.

Kò pẹ́ tí àyè fi yọ. Òyìnbó náà fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́. Mo ní kó bẹ ọ̀wẹ̀. Lébírà tó ń gbowó ni ayé ń pè síṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, àwọn ọkùnrin ìjọ ṣì máa ń kó ara wọn jọ bá ẹni tó bẹ̀ wọ́n kọ ebè tàbí gbẹ́ ìpìlẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń dáná: èkọ àti àkàrà láàárọ̀, iyán àti ẹran lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n nílé wọn. Iyì ni. Ẹni tó pe ọmọlúàbí síṣẹ́ tí kò fún un lóúnjẹ ti sọ ọ́ di ẹrú.

Èmi fúnra mi ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé láti pè wọ́n. Nígbà tó ku ọ̀la, òyìnbó náà bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Àǹtí, kí ni kí n ṣe fún wọn?" Màmá mi ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Òmù-Àrán, bó bá wà nílé ni, irọ́ náà kò ní lè jáde lẹ́nu mi. Mo tẹjú mọ́ ọbẹ̀ tí mò ń rò.

"Omi tútù tó," ni mo dá a lóhùn.

Ogún ọkùnrin ó lé ló dé ní kùtùkùtù. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ru yanrìn láti odò, òyìnbó náà sì ń pín omi inú ọ̀rá kiri láàrin wọn, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí òòrùn kàn wọ́n lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú wo ọ̀nà ilé ìdáná. Èéfín kankan kò yọ. Bàbá àgbẹ̀ tó ṣáájú wọn nu ọkọ́ rẹ̀ mọ́ koríko, ó sọ fún òyìnbó náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ó dàbọ̀ o, ọmọ wa," ó yí padà, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Bó ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá omi lọ́wọ́, tí kò mọ ohun tó ṣe, inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kankan kò wá. Òjò rọ̀, ìpìlẹ̀ kún, ọ̀pọ̀lọ́ gba ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn ìwé wà nínú páálí wọn ní ọ́fíìsì ọ̀gá, ikán sì ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó bi mí léèrè ohun tí òun ṣe fún àwọn èèyàn, mo ní iṣẹ́ oko ló dí wọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Nígbà tó yá, ọ̀gá dá kíláàsì mi padà fún mi, ó ní ara òyìnbó kò le. Mo ń kọrin lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àsìkò ebè dé, mo lọ bẹ ọ̀wẹ̀ fún màmá mi, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Oko yẹn là ń jẹ. "A ti gbọ́," ni olúkúlùkù wí. Màmá mi ti ń gúnyán kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òòrùn yọ, òòrùn mú, a kò rí ẹnì kankan. Bàbá àgbẹ̀ ọjọ́sí ló gun ọ̀kadà kọjá, màmá mi sì dá a dúró, ó bi í kí ló dé. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló fi dáhùn, mo kàn ń fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ rò ó fún ọ ni: "Àlejò lójú, kò fi ríran. A ò bínú sí àlejò. Ẹni tó pè wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́sí, òun náà ló tún ń pè wá yìí." Ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá mi rọra jókòó sábẹ́ igi kaṣú.

Ìgbà náà ni òyìnbó náà yọ lójú ọ̀nà, òun nìkan, ọkọ́ léjìká. Mo mọ ọkọ́ náà, ti ilé bàbá yẹn ni, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ kí màmá mi. Inú màmá mi dùn, ó sáré bu iyán, ó ní kó kọ́kọ́ jẹun. Òyìnbó náà wo iyán, ó wo èmi.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí, kò ṣì í sọ rárá. "Mo ti jẹun kí n tó wá."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ ebè. Ebè rẹ̀ wọ́, ọwọ́ rẹ̀ bó, kò dúró títí òòrùn fi yẹ̀ lórí, kò sì fẹnu kan oúnjẹ wa. Èmi ni mo ń kọ tèmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń retí kó yíjú padà kó bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá bú u padà, ọ̀rọ̀ ìbá sì tán síbẹ̀. Kò bú mi títí tó fi padà sí ìlú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, inú ṣì ń bí mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé kéèyàn pa ọ̀tá rẹ̀ lẹ́kún ni ẹ̀san. Irọ́ ni. Ẹ̀san ni kí ọ̀tá rẹ wá bá ọ ṣiṣẹ́ lóko ìyá rẹ, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn kò wá, kó sì kọ oúnjẹ rẹ lójú ìyá rẹ.