Ọkùnrin Àkọ́kọ́ Tó Darúgbó Nílé Niskala

Kí Elmer tó dáyé, kò sí ọkùnrin tó pé ogójì ọdún nílé Niskala, ní Hancock, ní Michigan. Wọ́n ga, ìka wọn gùn, wọn a sì kú lójijì. Ibi tí bàbá Elmer ti ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ló ti di àyà mú, ó ṣubú, ó parí.

Elmer ń tún dùùrù ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún, dókítà ojú kan rí i pé awò tó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀, ó ní kó lọ yẹ ọkàn wò kíákíá. Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ti wú, ó kù díẹ̀ kó bẹ́. Àrùn ìdílé ni. Ohun tó so ẹran ara wọn pọ̀ kò yi. Dókítà Pelletier, oníṣẹ́ abẹ ọkàn, là á láyà, ó gé ibi tó wú kúrò, ó fi ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi aṣọ ṣe àti ìlẹ̀kùn kékeré onírin tó ń darí ẹ̀jẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

"Dókítà, ọdún mélòó ló kù fún mi?"

"Mi ò ní parọ́ fún ọ. Àwọn tá a ti ṣe é fún kò tíì pẹ́ tó ká lè mọ̀. Máa lo oògùn rẹ, kó o sì máa wá ya àwòrán inú àyà rẹ lọ́dọọdún."

Elmer gbọ́ràn. Ní ọdún kọkàndínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àwòrán fi hàn pé òpó náà tún ń wú nísàlẹ̀. Wọ́n tètè tún un ṣe.

Aili, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí wọ́n rí i pé òpó tirẹ̀ náà ti ń wú. Ó fárígá.

"Bàbá, mi ò lọ fún iṣẹ́ abẹ kankan. Ẹ jẹ́ n ṣì gbádùn ayé mi."

"Gbé etí ẹ síbí."

Ó fà á mọ́ àyà. Ìlẹ̀kùn irin ń dún, kà, kà, kà.

"Ẹ ń dún bí aago ọ̀pọ̀!" Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú ọmọ.

"Aago ọ̀pọ̀ yìí ló gbé mi dé ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Òun náà ló jẹ́ kó o ráyè yájú sí mi."

Aili lọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí wọ́n ti ṣe é fún un, koko ni ara rẹ̀ le.

Elmer ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọra dìde lórí àga.

"Lempi, orúnkún ń dùn mí o!"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń fi orúnkún ríro yangàn."

"Ta ló ní irú ẹ̀ rí nílé wa?" ni Elmer wí. Ó ń tiro lọ síbi kọfí, ó ń dúpẹ́.