Irú Ojúọlá Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Ìtàn mi rìn títí, ó dúró lẹ́yìnkùlé Ojúọlá ní Ìníṣà. Òmìnira orílẹ̀-èdè wa ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni Ojúọlá ti kọ́ irú ṣíṣe, kò sì níṣẹ́ mìíràn. Àfi bí wolé-wolé ṣe dé tó ní apẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ àti àpò tó fi ń bò ó dọ̀tí. Ojúọlá fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó sè wọ́n, ó sá wọn sóòrùn. Láti ọjọ́ náà, irú rẹ̀ ò gbóná, kò fà, kò rùn. Ó dà á nù, ó dà á nù. Àwọn oníbàárà ń yà sọ́dọ̀ Dúródọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Bí èyí tó wà nílẹ̀ yìí bá tún bàjẹ́, ó di kó fi irú sílẹ̀.

Ó bi Rẹ̀mí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé n'Ìbàdàn, tó wálé fún họlidé, léèrè ohun tó ń ṣe irú òun.

"Kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń sọ ọ́ di irú, Ìyá àgbà. Ọ̀kan á pín di méjì."

"Ta ló ń ní kó bẹ̀rẹ̀?"

"Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra wà nínú rẹ̀, ó yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kó tó pín, ó ní láti ṣe okùn mìíràn tó jọ ọ́. Ojú kan báyìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan á wá bà síbẹ̀, á tú okùn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá máa mú ẹnìkejì tuntun."

"Ohun tí ò lórí tí ò nídìí, báwo ló ṣe ń mọ ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀?"

"Àmì wà níbẹ̀."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

Rẹ̀mí họrí. "Àwọn olùkọ́ wa náà ṣì ń wádìí ẹ̀."

Ojúọlá wo inú apẹ̀rẹ̀, kò rí okùn. Ṣé ẹni tó yẹ kó wá bà ló ń bínú ni? "Àbí àmì yẹn ni mo fi ọṣẹ fọ̀ dànù?"

"Àwọn kòkòrò inú apẹ̀rẹ̀ yẹn fúnra wọn lẹ sè pa, Ìyá àgbà. Kò sẹ́ni tó kù tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá irú tó ti jinná, kí ẹ pò ó mọ́ ọn."

Ta ló ní irú tó jinná bí kò ṣe Dúródọlá? Ojúọlá gbé ìtìjú tì, ó mú àwo.

"Ìyálé mi, ẹ bá mi bu irú díẹ̀."

"Tìẹ ńkọ́, ìyàwó? Ṣé ó tẹ̀lé wolé-wolé lọ ni?"

"Rẹ̀mí ní ọ̀rọ̀ okùn ni."

"Okùn? Ìgbà wo lo di ahunṣọ?" Dúródọlá rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún un.

Ojúọlá pò ó mọ́ tirẹ̀, ó bò ó. Nígbà tó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ooru pàdé rẹ̀, òórùn gba ẹ̀yìnkùlé kan. Ó tà á tán lọ́jà.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò yé e tán. Irú Dúródọlá ló jí tirẹ̀ lójú oorun. Ta ló jí ti Dúródọlá? Ta ló jí ti ẹni àkọ́kọ́ tó se irú láyé? Ó yíjú láti bi Rẹ̀mí, Rẹ̀mí ti wọ rélùwéè padà s'Ìbàdàn. Ó gbé ìkòkò kaná, ó da igbá hóró irúgbá mìíràn sí i.